Èèyàn Mélòó Ló Ń Gbé Ilé Yín?

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní London kì í ṣe òtútù. Òtútù, wọ́n ti fi kún mi létí kí n tó kúrò nílé, débi pé nígbà tí mo dé, mo ní ṣé èyí náà nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìbéèrè. Ibi yòówù kí n dé, wọ́n á na fọ́ọ̀mù sí mi, wọ́n á ní kí n kọ iye èèyàn tó ń gbé ilé mi. Wọ́n bi mí lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n bi mí nílé ìwé ọmọ mi. Kánsù bi mí, nígbà tó sì di ọdún kejì, kánsù tún bi mí, àfi bíi pé èèyàn máa ń hù nínú ilé bí olú.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi náà fẹ́ràn ìbéèrè. Màmá mi máa ń sọ pé olójúmìító ni àwọn bí, pé tí òkú bá ń kọjá lọ, mà á fẹ́ mọ ohun tó jẹ kó tó kú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti kánsù yìí ṣàjèjì sí mi. Ní Ìwó níbi tí wọ́n bí mi sí, bí àlejò bá bèèrè iye èèyàn tó wà nínú agboolé, wọ́n á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ló tiẹ̀ mọ iye wọn gan-an? Ẹni tó wá kí wa fún ọjọ́ mẹ́ta lè lo ọdún mẹ́ta, kó tiẹ̀ gbéyàwó níbẹ̀.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin, Rọ̀fíà, la jọ wá. Yàrá kan la kọ́kọ́ háyà lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, lórí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan, òórùn ẹja sì máa ń bá híjáàbù mi dé ibi iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mò ń nu ọ́fíìsì. Tó bá di ọ̀sán, mò ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Mo fẹ́ràn ti ọ́fíìsì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, torí mo lè máa wo tábìlì àwọn èèyàn, kí n máa ro irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọkùnrin kan wà tó máa ń kó oríṣi bàtà mẹ́ta sábẹ́ tábìlì tiẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi tò wọ́n fún un, mi ò sì fojú kàn án rí. Mo mọ̀ pé èyí tó dúdú ń há a lẹ́sẹ̀. Nígbà míì nínú bọ́ọ̀sì, mà á máa wo ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin, bóyá mo lè rí i kí n kí i. Ìdánìkanwà tó mú mi nígbà yẹn nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé òun ni.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kánsù fún wa ní fúláàtì oníyàrá méjì, tá a bá rìn díẹ̀ a ti dé pápá Peckham Rye. Ọjọ́ tá a gba kọ́kọ́rọ́, a ò tíì ní àga kan ṣoṣo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo pe màmá mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kánsù fún mi nílé, mà á máa san rẹ́ǹtì fún kánsù, ṣùgbọ́n torí pé owó iṣẹ́ mi ò tó, kánsù kan náà á máa bá mi san lára rẹ́ǹtì yẹn. Bẹ́nífíìtì ilé ni wọ́n ń pè é.

"Àwọn tó ń gba owó náà ló ń fún ẹ lówó tó o fẹ́ fi san án?" Màmá mi ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Yáa rọra sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n má lọ tún un rò."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sì kọ fọ́ọ̀mù bẹ́nífíìtì náà: èèyàn méjì, èmi àti Rọ̀fíà. Mo fọwọ́ sí i pé tí nǹkan kan bá yí padà nínú ilé, mà á jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ọdún kejì tá a dé fúláàtì yẹn ni Aunty Kúdí wá bá wa. Kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọn kì í ṣe ẹbí mi. Aládùúgbò màmá mi ni wọ́n ní Ìwó. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, àìsàn kan dá màmá mi wólẹ̀, wọ́n gbé wọn lọ sí Ìbàdàn fún ìtọ́jú, Aunty Kúdí sì kó aṣọ mi sínú àpò kan, wọ́n mú mi lọ sínú yàrá wọn. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n ti ṣáájú mi dé London tipẹ́tipẹ́. Nílé ìdáná ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní ilé rí. Wọ́n gbé abala yàrá kan ní Woolwich, wọ́n gbé òmíràn ní Deptford. Wọ́n kúrò ní ti Deptford torí pé ìyàwó ilé mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n pẹ́ díẹ̀ ní balùwẹ̀. Ó kàn mí kanlẹ̀ ni o. Lọ́jọ́ kejì, Aunty Kúdí ti kó ẹrù. Lẹ́tà wọn, ilé ọ̀rẹ́ kan ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì. Mi ò bi wọ́n nígbà tí wọ́n máa lọ, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í bi àgbà bẹ́ẹ̀. Mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Tí owó bá wọlé fún wọn, wọ́n á gbé ìrẹsì wálé, wọ́n á ra ẹran, wọ́n á ra súwẹ́tà fún Rọ̀fíà. Ara mi balẹ̀. Mo ń ti iṣẹ́ bọ̀, mò ń gbọ́ ohùn èèyàn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bá ọmọ mi jà lórí Yorùbá.

"Grandma Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú charger, innit."

"Èyí tó ń jẹ́ charger, mo rí i. Ta ló ń jẹ́ ínnìtì?"

"Grandma, ẹ ò serious rárá."

"Tó o bá ti kí mi bó ṣe yẹ, mà á di síríọ̀sì."

Ṣé mo fi wọ́n pa mọ́ fún kánsù ni? Mo ti bi ara mi léèrè lọ́nà púpọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò wá sí mi lọ́kàn pé ó jẹ́ ohun tí èèyàn ń sọ. Lẹ́tà ọdọọdún á dé, á ní kí n sọ bí nǹkan kan bá ti yí padà. Mà á wo inú ilé, mi ò ní rí ohun tó yí padà. Àgbà kan wà nílé ọmọ rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ lọ fi ìyẹn sùn?

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni lẹ́tà tó nípọn dé. Aunty Kúdí wà níbi iṣẹ́. Rọ̀fíà ló kà á, torí òyìnbó kánsù máa ń fọ́ mi lórí.

"Mummy, wọ́n ní wọ́n overpay yín."

"Wọ́n fún wa lówó kún un ni?"

"Rárá o. Wọ́n ti fún yín jù. Wọ́n fẹ́ gbà á padà."

Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju owó oṣù mi méjì lọ. Wọ́n ní àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ń gbé ilé mi, mi ò sì sọ fún wọn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù tó bà mí, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Mo wo àjà. Mo wo ojú fèrèsé. Mo ro gbogbo aládùúgbò wa níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá dé, kì í sì í ṣe ti owó nìkan. Mo rántí obìnrin Deptford tó mí kanlẹ̀. Tí Aunty Kúdí bá gbọ́ pé àwọn ló fa gbèsè yìí, wọn ò ní sùn mọ́jú nílé mi. Níbo ni wọ́n fẹ́ lọ pẹ̀lú ọgọ́ta ọdún lórí? Mo ní kí Rọ̀fíà má wí fún wọn. Mo kó lẹ́tà náà sínú àpò gàrí tó ṣófo, mo mú un lọ sọ́dọ̀ kánsù.

Ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì ló dá mi lóhùn. Ara ẹ̀ balẹ̀, kò sì kánjú. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni bí wọ́n ṣe mọ̀. Ó ní ibi iṣẹ́ obìnrin náà ló fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn agbowó orí, kọ̀ǹpútà sì bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kò sí aládùúgbò kankan nínú ẹ̀. Aunty Kúdí fúnra wọn ló fún ibi iṣẹ́ ní àdírẹ́sì mi. Mi ò rò ó jìnnà lọ́jọ́ náà.

"Èló ló ń san fún yín?" Ọmọbìnrin náà ti mú bírò.

"Wọn kì í san nǹkan kan."

"Fún oúnjẹ ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń ra ìrẹsì."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé nínú òfin, àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń gbé ilé èèyàn gbọ́dọ̀ máa dá díẹ̀ sí rẹ́ǹtì. Nítorí náà, kánsù máa ń yọ díẹ̀ yẹn kúrò nínú bẹ́nífíìtì, ẹni náà san án o, kò san án o.

"Ìyẹn ni pé ẹ gbà pé mo ti ń gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo sọ fún un pé tí mo bá gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ obìnrin yẹn, màmá mi á wọ bàálù wá sí London láìní físà, wọ́n á wá fọ́ mi létí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní mo ní oṣù kan láti ta kò ó. Tó bá jẹ́ pé obìnrin náà kàn ń wá kí mi ni, tó nílé níbòmíràn, kí n mú ẹ̀rí wá, wọ́n lè pa gbèsè náà rẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbi tó yẹ. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù méjèèjì.

Ìyá Wàsíù tá a jọ ń nu ọ́fíìsì, tó ń gbé Aylesbury Estate, ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí. "Kí ló ń dà ẹ́ láàmú? Sọ pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Èmi ò gba bẹ́nífíìtì, kò sóhun tí wọ́n máa yọ lára mi. Mà á kọ lẹ́tà, Aunty Kúdí náà á fọwọ́ sí i, ó parí." Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́, òyìnbó tó já gaara. Ó kọ pé láti ọdún méjì wá, ọ̀dọ̀ òun ni Aunty Kúdí ń gbé, pé wọ́n kàn máa ń ṣe ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni.

Mo pe màmá mi, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn.

"Ṣé Kúdí mọ̀?"

"Rárá, mà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀."

"Ó sì máa fọwọ́ sí ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kúdí tó jẹ́ pé bébà tí wọ́n fi di àkàrà ló ń kà kó tó jẹun. Ìwọ ọmọ yìí." Wọ́n pa fóònù.

Màmá mi ò parọ́. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àílà, mo gbé lẹ́tà náà síwájú Aunty Kúdí, mo ní ìwé kékeré kan báyìí ni. Wọ́n wá gíláàsì wọn, wọ́n jókòó, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló ń gbé Aylesbury?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀, lẹ́tà kánsù, gbèsè, ọmọbìnrin tó wọ gíláàsì, ìmọ̀ràn Ìyá Wàsíù. Mo ń retí pé ti owó ni wọ́n máa sọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ owó.

"Fọ́ọ̀mù tó ń wá lọ́dọọdún, kí lo kọ síbẹ̀ nípa mi?"

"Mi ò kọ nǹkan kan, mà."

"Kí lo kọ?"

"Mo kọ èmi àti Rọ̀fíà."

Wọ́n yọ gíláàsì. "Ọjọ́ tí mo mú ẹ lọ sílé ìwé ní Ìwó, tí tíṣà ní ta ni òbí ọmọ yìí, ṣé o rántí?"

"Mo rántí, mà."

"Kí ni mo kọ?"

"Orúkọ yín, mà."

"Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Mi ò tíì lọ́kọ, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń wojú ara wọn. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i." Wọ́n ká lẹ́tà Ìyá Wàsíù, wọ́n dá a padà fún mi. "Nígbà tí ibi iṣẹ́ mi bi mí lọ́dún èṣí pé níbo ni mò ń gbé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò fún wọn ní ilé onílé. Mo fún wọn ní ibí. Ìwọ wá lọ bá mi wá ilé sí Aylesbury." Wọ́n dìde. "Rìsìkátù ibi iṣẹ́ wa ní yàrá kan tó ṣófo ní Surrey Quays. Ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà á lọ wò ó."

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ó dùn mí wọra. Ká ní wọ́n gbá ilẹ̀kùn ni, ì bá sàn.

Mo jókòó síbẹ̀, mò ń rò ó. Mo rò pé bí mi ò ṣe kà wọ́n yẹn, ọ̀wọ̀ ni. Nílé, a lè má ka ẹnikẹ́ni, torí gbogbo ojú ló ń rí i. Tí wọn ò bá rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn. Ìlú tá a wà yìí, bébà ló ń bèèrè èèyàn. Tí Aunty Kúdí bá ṣubú lójú títì, bébà ni wọ́n máa fi wá ẹni tí wọ́n máa pè, bébà tèmi sì ní wọn ò sí. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti ń gbé London láìsí lórí bébà ilé ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ mi tó yẹ kó parí sí, èmi ni mo tún fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ya lẹ́tà Ìyá Wàsíù, mo mú fọ́ọ̀mù kejì, mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Fọ́ọ̀mù kánsù ló bèèrè."

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n wá jókòó sí tábìlì, Rọ̀fíà náà wá jókòó. Mo kọ Kúdírátù. Wọ́n ní kí n fi Àbẹ̀kẹ́ sí i, pé láti ìgbà táwọn ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀. A dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ohun tí wọ́n jẹ́ sí mi. Wọ́n to oríṣiríṣi síbẹ̀: òbí, ọmọ, ọ̀rẹ́, ayálégbé, òmíràn.

"Èwo ni owó tiẹ̀ kéré jù?"

"Bákan náà ni gbogbo ẹ̀, mà."

"Wọ́n gbọ́n." 

Mo mú "òmíràn". Ìlà kan wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ti ní kí n ṣàlàyé, mo sì fi òyìnbó kọ ọ́ pé àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Aunty Kúdí kà á.

Mo wá ní láti sọ ti owó. Bẹ́nífíìtì wa á dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kánsù á sì tún máa yọ gbèsè díẹ̀díẹ̀ lára èyí tó kù. Wọ́n ní ohun tí kánsù ní kí àwọn máa dá, àwọn á máa dá a. Mo ní láéláé. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ pé mo wà níbí. Ẹni tó wà níbì kan, ó ń bá wọn gbé ẹrù ibẹ̀." La bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Wọ́n pe iye kan, mo já a sí méjì. Wọ́n fi kún un, mo tún dín in. Rọ̀fíà ní òun ò rí irú ìyẹn rí, kí ẹni tó ń sanwó máa fi kún un, kí ẹni tó ń gbà á máa yọ ọ́. Níkẹyìn mo gbà, torí ọwọ́ mi ò tó àgbà.

Ṣùgbọ́n wọn ò sọ nǹkan kan nípa yàrá Surrey Quays, èmi náà ò sì lè bèèrè. Èmi olójúmìító. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé ìbéèrè yẹn mì. Tí mo bá ti iṣẹ́ dé, bàtà wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ sọ́dọ̀ kánsù. Ọmọbìnrin tó wọ gíláàsì kà á, ó bi mí bóyá ó yé mi pé gbèsè náà dúró. Mo ní ó yé mi. Ó ka ìlà tí mo kọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bá mi pín owó tí wọ́n máa máa yọ wẹ́wẹ́, kó má baà ni mí lára jù. Mo gba ṣífìtì ọjọ́ Sunday kún iṣẹ́ mi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Aunty Kúdí ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Fóònù wọn dún. Eruku ẹ̀wà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Rìsìkátù ni.

"Aunty Kúdí, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ wá wo yàrá yìí lónìí? Ẹlòmíràn ti fẹ́ gbà á o."

Mi ò gbé orí sókè. Ẹ̀wà kan náà ni mò ń yí lọ́wọ́.

"Fún un," ni Aunty Kúdí wí. "Èmi ní ilé ní Peckham."

"Ilé? Ilé ta ni?"

"Ilé ọmọ mi. Lọ bèèrè lọ́wọ́ kánsù."